Ta Ni Ó Jókòó fún Ayàwòrán? Láti Ààfin Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì dé Ilé-Ifẹ̀

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì bá sọ lójúkojú ní ìwúwo ju èyí tí a rán sí ara ẹni lọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ ayàwòrán mu púpọ̀. Bí a bá rí àwòrán ènìyàn kan lára ògiri, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń béèrè ni orúkọ ẹni tí ó yà á. Díẹ̀ ni ó ń béèrè nípa ẹni tí ó jókòó kí wọ́n tó lè ya àwòrán náà. Báwo ni ayàwòrán ṣe rí i? Ta ni ó lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀? Ṣé ó mọ ohun tí wọn yóò fi ojú òun ṣe?

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ní ìtàn nílẹ̀ Yorùbá. Apá gúúsù Èkìtì sì ni ó yẹ kí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni agbẹ́gilére kan ti fi ojú ọba kan àti ojú òyìnbó kan sí ara ilẹ̀kùn kan náà, láìjẹ́ pé ó gbé ẹnikẹ́ni jókòó síwájú ara rẹ̀.

Ilẹ̀kùn Ààfin Ògògà

Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ agbẹ́gilére náà. Èfọ̀n-Alààyè ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1875, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó dàgbà sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀, ọba Ìsẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn débi pé àwọn ọba ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, ó ṣiṣẹ́ ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ̀rẹ́. Ó gbẹ́ òpó, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn tí ó lókìkí jù nínú wọn ní abala méjì. Ní abala kan, Ògògà jókòó lórí àga pẹ̀lú adé ìlẹ̀kẹ̀ lórí, olorì rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní abala kejì, Kápúténì Ambrose, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń bọ̀ wá kí ọba. Àwọn ènìyàn ru ú sínú ohun ìgbérù, ó ká orúnkún jọ nínú rẹ̀. Àwọn ère náà yọ síta lára pákó tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rò pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa rìn lọ.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fara balẹ̀ wò ó, yóò rí i pé Ọlọ́wẹ̀ kò kàn gbẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìkan. Ó sọ èrò tirẹ̀ nípa rẹ̀. Ògògà jókòó dáadáa, ọlá wà lára rẹ̀. Àlejò tí ó ní ìjọba lẹ́yìn ni ó fún mọ́ inú àyè kékeré. Ní àkókò tí agbára gidi ti ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, igi Ọlọ́wẹ̀ ń wí pé ọba ni ó gba àlejò, àlejò kọ́ ni ó gba ọba.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò gbà láti tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn dípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbẹ́ fún ààfin kan náà, èyí tí ọba jókòó nínú rẹ̀ tí olorì àgbà sì dúró gàgàrà lẹ́yìn rẹ̀, wà ní Art Institute of Chicago ní Amẹ́ríkà lónìí.

Ìdí Tí Agbẹ́gilére Kò Fi Gbé Ènìyàn Jókòó

Kì í ṣe àṣà àwọn agbẹ́gilére Yorùbá láti sọ fún ènìyàn pé kí ó jókòó síbi kan kí ó má mira, kí àwọn lè máa wo ojú rẹ̀ gbẹ́ igi. Èyí kò túmọ̀ sí pé wọn kò mọ bí ènìyàn ṣe rí. Àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ti wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kí òyìnbó tó dé etíkun wa, jọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Yúróòpù kan kò fẹ́ gbà pé aláwọ̀ dúdú ni ó ṣe wọ́n. Ní Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí Èkìtì, àṣà àkó wà láyé àtijọ́: wọ́n máa ń gbẹ́ ère olóògbé tí ó jẹ́ ènìyàn pàtàkì, wọn a wọ aṣọ fún un, wọn a sì gbé e káàkiri ìlú nígbà ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ère bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ olóògbé, kí àwọn ará ìlú lè mọ̀ pé òun ni.

Kí wá ni ó fà á tí ère púpọ̀ kò fi jọ ẹnìkan pàtó? Ìdáhùn náà wà nínú ohun tí Yorùbá ń wá nínú ère. Wọ́n fẹ́ kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù. Wọ́n fẹ́ kí ó wà ní ọ̀dọ́, kí ara rẹ̀ máa dán, kí ìfarabalẹ̀ hàn ní ojú rẹ̀, kódà bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ bá ti di arúgbó. Àdánù, ìwà àti ipò ni ère ń gbé jáde: adé ni a fi ń dá ọba mọ̀, ilà ojú ni a fi ń dá ìdílé mọ̀, irun ni a fi ń dá olorì mọ̀. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, àwòrán, sí ohun tí a wò tí a fi rántí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí a fẹ́ rántí ti wà nínú ọkàn ẹni tí ń wò ó tẹ́lẹ̀.

Ọlọ́wẹ̀ kò nílò kí Ògògà jókòó fún un nítorí pé inú ààfin ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó rí bí ọba ṣe ń jáde, bí àwọn olorì ṣe ń kúnlẹ̀, bí àwọn ẹmẹ̀wà ṣe ń dúró. Ìbágbé ni ó dúró fún ìjókòó. Ohun tí ojú rẹ̀ kó jọ ní ọjọ́ púpọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ fi sára igi. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sí i.

Àìná Ọnàbólú àti Àwọn Gbajúmọ̀ Èkó

Ọ̀nà kejì, èyí tí ayàwòrán fi ń wo ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ tí ó sì ń yà á sórí aṣọ tàbí bébà, fi ìdí múlẹ̀ ní Èkó nípasẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú kan. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Àìná Ọnàbólú ní ọdún 1882. Kò rí olùkọ́ kankan tí yóò kọ́ ọ ní àwòrán yíyà nígbà èwe rẹ̀. Àwọn àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn òyìnbó ni ó ń wò, tí ó sì ń dà kọ. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya ènìyàn kí ó jọ ọ́. Ọnàbólú pinnu pé òun yóò fi iṣẹ́ ọwọ́ òun já irọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ fi hàn pé òun lè ya ojú ènìyàn gbọ́dọ̀ rí ojú tí yóò yà. Níbo ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní orúkọ yóò ti rí i? Láàárín àwọn ọ̀làjú Èkó ni Ọnàbólú ti rí tirẹ̀. Ní ọdún 1906, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, obìnrin gbajúmọ̀ kan ní Èkó. Ní ọdún 1920, ó ya Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà, oníṣègùn tí ó bá àrùn ìgbóná jà tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn káàkiri. Àǹfààní ńlá wà nínú yíyan irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Gbogbo Èkó ni ó mọ ojú Dókítà Sàpàrà. Bí àwòrán náà kò bá jọ ọ́, ọmọdé pàápàá yóò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú ni adájọ́, Ọnàbólú sì yege lójú wọn.

Ní ọdún 1920 kan náà ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní St John's Wood School of Art títí di ọdún 1922. Ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, wíwo ènìyàn alààyè yà ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́. Wọ́n a gba ènìyàn kan, wọ́n a sanwó fún un, òun a sì jókòó tàbí dúró lójú kan nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń yà á. Kódà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ẹni tí ń jókòó yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọdún 1893 ni Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù tó gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin máa wo ènìyàn tí ó bọ́ aṣọ díẹ̀ lára yà, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ láti ọdún 1768. Nítorí náà, kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ìtìjú àti ìlànà ti yí ìjókòó fún ayàwòrán ká.

Nígbà tí Ọnàbólú padà dé, ó ń kọ́ni ní àwọn ilé-ìwé Èkó, ó sì rọ ìjọba láti wá olùkọ́ mìíràn kún un. Èyí ni ó mú kí Kenneth Murray dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1927. Ọ̀kan nínú àwọn tí Murray kọ́ ni Ben Enwonwu, ọmọ Ọ̀nìṣà tí wọ́n bí ní ọdún 1917. Ọwọ́ Enwonwu yìí ni ìtàn ẹni tí a ń wò yà ti dé ibi gíga jù lọ.

Nígbà Tí Ọbabìnrin Jókòó fún Ọmọ Nàìjíríà

Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1956, Enwonwu gba iṣẹ́ láti ṣe ère rẹ̀. Ní ọdún 1957, Ọbabìnrin náà jókòó fún un ní ìgbà púpọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró díẹ̀ ronú sí èyí. Ní Ìkẹ̀rẹ́, àlejò tí ó wá ní orúkọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò jókòó fún ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Kò pé àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn náà tán, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ fara balẹ̀ jókòó kí ọmọ Nàìjíríà máa wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé ère náà jáde ní ọdún 1957, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ráhùn pé Enwonwu fi ètè tí ó nípọn bí ti àwọn aláwọ̀ dúdú sí Ọbabìnrin lẹ́nu. Ìráhùn yìí kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan: ìjókòó kì í sọ ayàwòrán di ẹ̀rọ ayàwòrán. Ẹni tí ń wò ní ojú tirẹ̀, ohun tí ojú náà ti rí láti kékeré kì í sì í kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí Ọlọ́wẹ̀ fi igi ṣe fún Kápúténì ni Enwonwu fi idẹ ṣe fún Ọbabìnrin: ó wò ó, ó sì sọ ti ara rẹ̀.

Tutù: Bí Wọ́n Ṣe ń Tọrọ Ọmọ Lọ́wọ́ Òbí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Enwonwu di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967 ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún 1970 ni, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì tíì jiná. Ní agbègbè Ifẹ̀ ni Enwonwu ti rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ẹwà àti ìrísí rẹ̀ wú u lórí. Ó fẹ́ yà á. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ni Adétutù Adémilúyì, ọmọ-ọmọ Ọọ̀ni Adémilúyì tí ó jọba ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1910 sí 1930.

Owó kọ́ ni Enwonwu fi lọ̀ ọ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ó lọ bá àwọn òbí rẹ̀ láti gba àṣẹ. Wọ́n kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Kò yani lẹ́nu. Ọmọ ọba ni ọmọ wọn, ẹni tí ó fẹ́ jókòó tì í fún wákàtí púpọ̀ sì jẹ́ àgbàlagbà ọkùnrin tí kì í ṣe ará ilé. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ àgbà nígbà náà ni kò fẹ́ kí àwòrán ọmọ wọn bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀, nítorí pé wọ́n gbà pé ọ̀tá lè fi àwòrán ènìyàn ṣe é níbi. Níkẹyìn, wọ́n gbà. Ẹni tí ó bá mọ bí Yorùbá ṣe ń ṣe ìdáná yóò rí i pé ọ̀nà tí Enwonwu gbà jọ ọ̀nà tí a ń gbà tọrọ ọmọ: a kì í bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ kí a má bá baba àti ìyá rẹ̀ sọ.

Láàárín ọdún 1973 sí 1974, ó ya Tutù ní ẹ̀dà mẹ́ta. Nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, ọmọbìnrin náà wé gèlè, ó na ọrùn rẹ̀ gbọọrọ, ó sì ń wò wá láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ nínú tí kò fẹ́ sọ. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà wà lára ògiri ilé púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i bí àmì ìlàjà: ọmọ Ìgbò ni ó yà á, ọmọ ọba Yorùbá ni wọ́n yà, kò sì tíì pẹ́ tí ogun parí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àwòrán gidi náà di àwátì. Ní ọdún 2017, wọ́n rí ọ̀kan nínú wọn ní ilé ìdílé kan ní apá àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2018, ilé ìtajà Bonhams tà á ní gbàǹjo ní £1,205,000. Ní ọdún 2019, àwòrán mìíràn tí Enwonwu yà ní ọdún 1971, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Christine, wọ gbàǹjo ní Sotheby's, ó sì kọjá mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ọmọ ọba kọ́ ni Christine. Onídìrí ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ń gbé ní Èkó ni. Ojú onídìrí àti ojú ọmọ ọba gba ọ̀wọ̀ kan náà lọ́wọ́ ayàwòrán kan náà.

Àwọn Tí Kò Ní Orúkọ

Kí a tó fi ìyìn parí ọ̀rọ̀, ó yẹ kí a padà sí ilẹ̀kùn Ìkẹ̀rẹ́. Àwọn ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ máa ń dárúkọ Ògògà àti Kápúténì Ambrose. Orúkọ Ọlọ́wẹ̀ pàápàá kò sọnù: ní ọdún 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù láyé ṣì ń ki oríkì rẹ̀ fún àwọn tí ó wá ṣe ìwádìí, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1938. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ru òyìnbó náà ńkọ́? Ejìká wọn wà lára ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ wọn wà níbẹ̀, ẹrù wà lórí wọn. Orúkọ wọn kò sí níbì kankan. Ojú wọn ti wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, àwọn fúnra wọn kò sì sí nínú ìtàn.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn àti Tutù kì í ṣe ti ọmọ ọba àti mẹ̀kúnnù nìkan, nítorí pé Christine náà kò sọnù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnìkan béèrè. Ayàwòrán tí ó bá béèrè àyè yóò mọ orúkọ, ẹni tí wọ́n bá sì mọ orúkọ rẹ̀ ṣòro láti gbàgbé.

Ẹ̀kọ́ fún Ilé-Ìwé Wa

Lóde òní, ọmọ ilé-ìwé tí ó ń kọ́ àwòrán yíyà ní Ìjàn, ní Ìsẹ̀, ní Emùré tàbí ní Ìkẹ̀rẹ́ kì í sábà wá ènìyàn alààyè. Fóònù ni ó ń yọ jáde. Ó rí àwòrán arúgbó kan lórí Facebook, ó dà á kọ, ilà ojú rẹ̀ sì pé pérépéré. Àwọn ènìyàn yìn ín. Ṣùgbọ́n kò mọ arúgbó náà, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè sọ bóyá ó ń dárò ni tàbí ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kò gbé ènìyàn jókòó, ṣùgbọ́n ó bá wọn gbé. Enwonwu kò bá wọn gbé, ṣùgbọ́n ó tọrọ, ó sì bá wọn jókòó. Ẹni tí ó ń da fọ́tò àlejò kọ kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ìyá àgbà wà nílé. Baba tí ó ń hun agbọ̀n wà ní ìta. Alágbẹ̀dẹ wà ní ìsàlẹ̀ ọjà. Kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ kí wọn, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ yà àti ibi tí àwòrán náà yóò wà. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ó dúpẹ́, kí ó sì kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, kí ó wá ibi tí oòrùn kò ti tàn síni lójú, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kan wọ̀. Kí ó fi ẹfun sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ àga wà, kí àga lè padà sí àyè rẹ̀ bí àgbà bá dìde. Kí ó má jẹ́ kí ènìyàn jókòó kọjá ogún ìṣẹ́jú kí ó tó ní kí ó sinmi, nítorí pé ọrùn a máa ro, ojú a sì máa wúwo. Kí ó jẹ́ kí wọ́n máa sọ ìtàn bí iṣẹ́ ti ń lọ, nítorí pé ìgbà tí ẹnu bá ń sọ̀rọ̀ ni ojú máa ń jí. Ní ìparí, kí ó fi iṣẹ́ náà hàn wọ́n, kí ó sì kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìkádìí

Ọgbọ́n ọwọ́ ṣe pàtàkì, Ọlọ́wẹ̀, Ọnàbólú àti Enwonwu sì ní in púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú iṣẹ́ wọn pẹ́ láyé kọjá ọwọ́. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń wò, bóyá nípa ìbágbé, bóyá nípa ọ̀rẹ́, bóyá nípa ìtọrọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya ojú ènìyàn, kí ó kọ́kọ́ lọ kí olójú.